Ọwọ́ Méjì Lójú Ọ̀nà Ìbàdàn

Sùúrùlérè, Èkó.
12 Oṣù Kejì, 1979.

Olúdayọ̀,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí Mobọ́lá ọmọ yín tí n kò tíì fojú rí. Ara mi le. Mo gbọ́ lórí rédíò pé òtútù mú púpọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ wọ aṣọ tó nípọn.

Ọkọ̀ náà ti dé. N kò bèèrè fún un, nítorí pé ọkọ̀ kékeré tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ kí ó tó kú ṣì ń gbé mi lọ síbi tí mo bá ń lọ. Ṣùgbọ́n ó ti dé. Ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìdí rẹ̀ yọ sí títì nígbà tí imú rẹ̀ ti kan ògiri ilé ìdáná. Ìyá Fúnlọ́lá tó ń gbé òkè wa yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Màmá, ṣé ọkọ̀ nìyí ni, àbí ilé mìíràn lẹ tún fẹ́ kọ́?"

Kí a tó gbà á ní èbúté, àwọn kan ti yọ gílóòbù ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, tọ̀tún tòsì. Ìwé àlàyé tó yẹ kí ó bá a wá kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀pá kékeré kan wà lára sítíárìn tí n kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti ń wakọ̀ láti ìgbà tí apá òsì ni gbogbo wa ń gbà ní ilẹ̀ yìí, n kò rí irú rẹ̀ rí. Kọ̀wé ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, kí àlàyé náà sì kún.

Ọ̀rọ̀ kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Pápá Àjàó. Ó ní Tìrìmísíyù ni orúkọ òun, pé òun ni àbúrò Làbákẹ́ ìyàwó rẹ, àti pé òun wá láti máa wa ọkọ̀ fún mi. Mo bi í pé, "Ta ló sọ fún ọ pé mo ń wá awakọ̀?" Ó ní, "Bùrọ̀dá ni, Mà." Ìgbà wo ni Bùrọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í gba òṣìṣẹ́ sí ilé mi láti Ṣikágò?

Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ọwọ́ kan ni ó nà, òsì sì ni. Mo fa kọ́kọ́rọ́ mi padà. Mo ní, "Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà?" Ó tẹrí ba, ó na ọwọ́ méjèèjì. Mo wá fún un. Bí èmi àti òun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èmi ni ìyá rẹ,
E. A. Ògúntádé.


Ṣikágò, Amẹ́ríkà.
3 Oṣù Kẹta, 1979.

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú àìrí ara wa. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Mobọ́lá ti ń yàwòrán báyìí. Ó ya ìyá àgbà kan tó wọ awò ojú, ó ní ẹ̀yin ni. Ọwọ́ òsì ló fi ń yà á. Olùkọ́ rẹ̀ ní ká má yọ ọ́ lẹ́nu, pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Mo wá "o ṣeun" nínú ìwé yín láti òkè dé ìsàlẹ̀. N kò rí i.

Ọ̀rọ̀ gílóòbù: okùn iná tín-ínrín méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀kan fún iná alẹ́, èkejì fún bíréèkì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi olókùn kan síbẹ̀. Kí wọ́n pa iná ọkọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣe èyí ṣáájú ohun gbogbo, nítorí pé bí iná bíréèkì kò bá tàn, ẹ̀rọ tí mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ yìí kò ní ṣiṣẹ́.

Ọ̀pá tí ẹ rí lára sítíárìn ló ń darí ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú eré ọkọ̀ dọ́gba. Bí awakọ̀ bá ti sáré dé ìwọ̀n tó fẹ́, kí ó tẹ bọ́tìnnì tó wà lórí ọ̀pá náà, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ọkọ̀ á máa bá eré náà lọ. Awakọ̀ kò ní iṣẹ́ kankan mọ́ títí yóò fi tẹ bíréèkì. A kì í lò ó nínú òjò, a kì í sì lò ó ní ìgboro. Ọ̀nà tuntun tó lọ sí Ìbàdàn ni mo rò nígbà tí mo rà á, kí ìrìn àjò yín sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín lè rọrùn.

Màmá, ẹ ti dàgbà. Ẹ fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀. Ẹ jókòó sẹ́yìn bí àwọn ìyá tó lọ́mọ lókè òkun ṣe ń jókòó. Tìrìmísíyù kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, àna ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é bí ẹ ti ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ yín, èmi, Làbákẹ́ àti Mobọ́lá.

Ọmọ yín,
Olúdayọ̀.


Sùúrùlérè, Èkó.
27 Oṣù Kẹta, 1979.

Olúdayọ̀,

Mo kí gbogbo yín. O ṣeun fún ọkọ̀. O ti rí i báyìí.

Rewáyà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Yábàá ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá. Imú kékeré méjì ló wà lára gílóòbù tó tọ́ sí i, ọ̀kan ga ju ọ̀kan lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e wọlé sódì. Ọkùnrin náà mú olókùn kan, ó fi fáìlì tí wọ́n fi ń fá irin rẹ́ imú rẹ̀ kan kúrò, ó sì fi tipátipá kì í bọ inú ihò. Nígbà tí a délé, mo tan iná alẹ́, mo tẹ bíréèkì. Tìrìmísíyù dúró sẹ́yìn ọkọ̀. Ó kígbe pé, "Mà, ẹ tẹ̀ ẹ́ ná!" Mo ní, "Mo ti tẹ̀ ẹ́ tipẹ́." Ó ní, "Há! Kò yí padà o. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn wa á kàn wọlé tọ̀ wá ni!"

Mo ra méjì tó bá a mu ní ọjà Tẹ̀júoṣó. Mo pa iná ọkọ̀, mo tú ìdérí pupa, mo fi aṣọ gbígbẹ mú gílóòbù, mo tẹ̀ ẹ́ wọlé, mo yí i díẹ̀. Ó tàn. Ọwọ́ arúgbó tí o ní kí ó lọ jókòó sẹ́yìn ló ṣe é.

Ní ti ọwọ́ òsì Mobọ́lá, olùkọ́ rẹ̀ kò mọ irú ilé tí ó ti jáde. Ẹ so aṣọ mọ́ ọwọ́ náà bí ó bá ń jẹun. Bí ó bá dé ibí tí ó na òsì sí mi, èmi yóò gbá a lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ti gbá ìwọ náà.

Mo ka àlàyé rẹ fún Tìrìmísíyù ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ó tún un sọ fún mi. Ó tún un sọ bí mo ṣe kà á gẹ́lẹ́, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní, "Mà, ọkọ̀ yìí á wa ara rẹ̀ nìyẹn!" Mo ní, "Ohun tí Bùrọ̀dá rẹ kọ ni o gbọ́ yẹn."

O ní kí n jókòó sẹ́yìn. Èmi yóò jókòó sẹ́yìn. Má gbàgbé pé ìwọ ni o ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. A ń lọ sí Ìbàdàn ní ọjọ́ Sátidé.

Ìyá rẹ,
E. A. Ògúntádé.


Sùúrùlérè, Èkó.
10 Oṣù Kẹrin, 1979.

Olúdayọ̀,

Mo kí yín. Kò sí ẹni tó kú.

Ọkọ̀ náà wọ kòtò lójú ọ̀nà Ìbàdàn, kí a tó dé Ṣàgámù. Ojú ọjọ́ mọ́, òjò kò rọ̀, ọ̀nà sì ṣófo. Tìrìmísíyù ti mú eré dé ibi tó fẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò gẹ́gẹ́ bí o ti kọ ọ́. Ọkọ̀ náà ń lọ geere. Mo jókòó sẹ́yìn, mo bó ọsàn. Mo ṣàkíyèsí pé òǹgbẹ ń gbẹ ọmọ náà, nítorí náà mo na ọ̀kan sí i. Ó yíjú sẹ́yìn, ó tẹrí ba, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí ọmọ tí a tọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé o, Mà." Kò tíì pa ẹnu dé tí koríko fi ń gbá fèrèsé.

Ọkọ̀ bàbá rẹ ì bá ti rọra dẹ eré nígbà tí kò sí ẹsẹ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Èyí kò dẹ ohunkóhun. Bí ó ṣe ń sáré lójú títì ni ó ṣe sáré wọ inú igbó, bí ẹni tí a rán níṣẹ́.

Egungun èjìká òsì Tìrìmísíyù ṣẹ́. Ó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Iwájú orí mi bẹ́, wọ́n ti rán an. Iná iwájú ọkọ̀ fọ́ ní apá ọ̀tún. N kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Mo kàn fẹ́ kí o mọ irú ohun tí o rà.

Ìyá rẹ,
E. A. Ògúntádé.


Ṣikágò, Amẹ́ríkà.
2 Oṣù Karùn-ún, 1979.

Màmá,

Ẹ kú ewu. Ọlọ́run ló yọ yín.

Mo ka ìwé yín sí Làbákẹ́ létí. Kò sunkún. Ó dìde lọ fọ abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ó sunkún.

Ọsàn! Ọsàn ni ẹ fẹ́ fi pa ọmọ ọlọ́mọ! Ẹni tó ń sáré ọgọ́ta máìlì, ẹ na ọsàn sí i láti ẹ̀yìn, ẹ tún wá ń yìn ín fún mi pé ó fi ọwọ́ méjì gbà á "bí ọmọ tí a tọ́." Ta ló tọ́ ọ báyẹn? Ta ló fa kọ́kọ́rọ́ padà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Màmá, mo mọ ojú yẹn. Mo dàgbà lábẹ́ rẹ̀. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá na nǹkan sí mi níbi iṣẹ́, mo máa ń sọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀ kí n tó gbà á. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó síwájú yín lọ́jọ́ náà, kòtò yẹn kan náà ni à bá bá ara wa.

Ẹ sì ní ẹ̀rọ ló jẹ̀bi. Eré ni wọ́n ní kí ẹ̀rọ náà mú, ó sì mú un. Ta ni wọ́n ní kó mú ọ̀nà?

Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà á. Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún Bàbá Yẹ̀kínnì, bàbá Làbákẹ́, kó bá mi tọ́jú rẹ̀ títí n ó fi dé.

Olúdayọ̀.


Ṣikágò.
5 Oṣù Karùn-ún, 1979.

Màmá,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ara ríro. Mi ò kì í kọ̀wé sí yín, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ẹ ránṣẹ́ pé orí ń fọ́ yín. Gbogbo Pápá Àjàó ló mọ̀ pé ọmọ káfíńtà, ọmọ Mùsùlùmí, lorí yín ń fọ́ sí. Mo gbé e mì. Mo ní ó ṣe tán, ìyá ọkọ mi ni.

Tìrì ni àbíkẹ́yìn ìyá wa. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wa kú. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ó ní òun á kọ́ ìwà àwọn ọ̀mọ̀wé. Ẹ kọ́ ọ lóòótọ́. Ẹ fi ojú nà án títí tó fi bẹ̀rù yín ju ikú lọ, ló bá tú sítíárìn sílẹ̀ kó má baà rí yín fín.

Ẹ tún kọ ọ́ pé ẹ ó gbá Mobọ́lá lọ́wọ́ bó bá na òsì. Ẹ ò ní í rí ọwọ́ náà gbá, Mà. Ọmọ mi ò ní í wá. Bí Dayọ̀ bá fẹ́ wá ṣe Kérésìmesì, kó máa bọ̀ lóun nìkan.

Mo kúnlẹ̀ o.
Làbákẹ́.


Sùúrùlérè, Èkó.
4 Oṣù Kẹfà, 1979.

Olúdayọ̀ àti Làbákẹ́,

Mo kí yín. Ìwé yín méjèèjì ti dé.

Olúdayọ̀, ìwé tí o kọ ní Oṣù Kẹta wà níwájú mi. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Awakọ̀ kò ní iṣẹ́ kankan mọ́ títí yóò fi tẹ bíréèkì." O kò kọ ọ́ pé kí ó di sítíárìn mú. O rò pé ó yẹ kí ó mọ̀. Mo lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ohun tí olùkọ́ bá rò pé ọmọ ti mọ̀, tí kò sì sọ, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń ṣubú. Kí o tó tún kígbe lé mi lórí, tún ìwé ara rẹ kà.

Bàbá Yẹ̀kínnì wá síbí. Ẹnu ọ̀nà ni ó dúró sí. Ó ní, "Ìyá Olúdayọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Ẹ tọ́ tèmi títí ó kù díẹ̀ kó lọ kí àwọn ará ọ̀run."

Mo ní, "Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Ó ní, "Àga ilé yín ga ju ìdí mi lọ. Kọ́kọ́rọ́ ni mo wá gbà. Ọmọ yín ló ní kí n gbà á."

Mo ní, "Orúkọ mi ló wà lára ìwé ọkọ̀. Kọ́kọ́rọ́ kò kúrò níbí."

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ máa wà á fúnra yín. Ẹ wá awakọ̀ tó lọ́wọ́ mẹ́rin, kó lè máa fi méjì kí yín." Ó jáde. Kò ti ilẹ̀kùn.

Làbákẹ́, o kúnlẹ̀ nínú ìwé rẹ. O lè dìde. Orí kò fọ́ mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ. Mo rò pé o ti mọ̀. Ṣùgbọ́n Mobọ́lá kì í ṣe ọmọ tìrẹ nìkan, o kò sì lè fi í gbẹ̀san ohun tí mo ṣe sí ọ.

E. A. Ògúntádé.


Sùúrùlérè, Èkó.
3 Oṣù Kẹsàn-án, 1979.

Olúdayọ̀,

Mo kí ọ. Mo kọ̀wé ní Oṣù Kẹfà. Kò sí èsì.

Wọ́n ti na ara ọkọ̀ náà tọ́. Mo ń wà á ní ọ̀sán. N kò lè wà á lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, nítorí pé ojú iná ọ̀tún kò sí. Wọn kò ní irú rẹ̀ ní Yábàá, wọn kò ní in ní Mushin. Wọ́n sọ fún mi pé kì í ṣe gílóòbù inú rẹ̀ ni a ń pààrọ̀ nínú irú ọkọ̀ yìí, pé odindi ojú iná náà ni, àti pé láti ọ̀dọ̀ yín ni ó gbọ́dọ̀ ti wá. N kò lo ọ̀pá ara sítíárìn. Mo so okùn pupa mọ́ ọn kí ọwọ́ mi má baà ṣèèṣì bà á.

Mo rán Ìyá Fúnlọ́lá lọ sí Pápá Àjàó láti bèèrè bí èjìká ọmọ náà ṣe wà. Wọ́n ní kí ẹni tó rán an wá fúnra rẹ̀.

Àwòrán ìyá àgbà tó wọ awò ojú, ṣé ẹ kò jù ú nù? Fún mi lésì, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ èébú.

Ìyá rẹ,
E. A. Ògúntádé.


Ṣikágò, Amẹ́ríkà.
6 Oṣù Kẹwàá, 1979.

Màmá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N kò kọ̀wé nítorí pé gbogbo èyí tí mo kọ ni mo fà ya.

Mo fi ojú iná iwájú méjì rán Edith sí yín, ọmọ Yábàá tó kàwé pẹ̀lú mi, tó ń bọ̀ nílé. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá fi tuntun ti ògbólógbòó, ìmọ́lẹ̀ wọn kò ní dọ́gba. Sikúrù tó di òrùka irin mú nìkan ni kí ẹ tú. Ẹ ó rí méjì mìíràn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan àwọn yẹn. Àwọn ló ń darí ibi tí iná ń wò, bí ẹ bá yí wọn, ojú ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè ni iná náà máa lọ fọ́.

Mo ti tún ìwé Oṣù Kẹta kà. Làbákẹ́ ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Òun ló kà á síta fún mi. Ẹ fa gbólóhùn yẹn nù. Ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀: ẹsẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ náà fún ní ìsinmi. Ọwọ́ kò sinmi, ojú kò sinmi. Kí ẹsẹ̀ pàápàá má jìnnà sí bíréèkì. Bí òjò bá ṣú, bí oorun bá ń kun awakọ̀, bí ọkọ̀ bá pọ̀ lójú ọ̀nà, kí ó pa á.

Làbákẹ́ kò tíì yí ohùn padà. Ohun kan ṣoṣo ló ní ó lè mú òun gbé Mobọ́lá wọ bàálù: kí Tìrì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí òun pé òun tún fi ọkọ̀ gbé yín, ẹ̀rù yín kò sì ba òun. Kò ní gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu yín, kò sì ní gbà á lẹ́nu mi. Pápá Àjàó kò jìnnà sí Sùúrùlérè, Màmá. Ẹ má rán Ìyá Fúnlọ́lá.

Àwòrán náà wà lára ògiri. Ẹnikẹ́ni kò jù ú nù.

Ọmọ yín,
Olúdayọ̀.


Sùúrùlérè, Èkó.
12 Oṣù Kọkànlá, 1979.

Olúdayọ̀, Làbákẹ́, àti Mobọ́lá,

Mo kí yín. Edith kó ojú iná dé láìfọ́. Mo pààrọ̀ méjèèjì. Sikúrù òrùka nìkan ni mo tú. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo tan iná náà sára ògiri, mo wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Méjèèjì dúró ní ìpele kan náà.

Lọ́jọ́ kejì mo wa ọkọ̀ náà lọ sí Pápá Àjàó. Bàbá Yẹ̀kínnì ń fá pákó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wo ọkọ̀ kí ó tó wò mí.

Ó ní, "Ta ló la ojú rẹ̀?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó tún fá pákó náà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kékeré kan sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ẹ jókòó. Àbí ó ti rẹlẹ̀ jù?"

Mo ní, "Ó tó mi." Mo jókòó sórí àpótí náà láàárín èérún pákó. Àwọn ènìyàn ń wò.

Tìrìmísíyù jáde. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ó fi ti ilẹ̀ dìde. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé. Kàkà kí n sọ ọ́, mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Òsì kò gòkè mọ́, ó dúró ní àárín méjì, ojú ọmọ náà sì fún pọ̀ pẹ̀lú ìrora. Ó ṣì ń fi tipátipá gbé e.

Mo ní, "Ọ̀kan ti tó."

Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò fá pákó mọ́. Ó ní, "Ṣé o ò gbọ́ ni? Gbà á bẹ́ẹ̀."

Ó fi ọwọ́ kan gbà á.

Mo ní kí ó gbé wa lọ sí Ìbàdàn ní ọjọ́ Sátidé, kí bàbá rẹ̀ sì bá wa lọ, bí ó bá fẹ́. Bàbá Yẹ̀kínnì ní, "Tí mo bá fẹ́ kẹ̀! Ṣé ẹ rò pé n ó tún jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì dá lọ?" Nígbà tí Sátidé dé, iwájú ni ó jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Kí a tó gbéra, mo fa gbólóhùn Oṣù Kẹta nù lójú wọn, mo sì ka èyí tí o fi rọ́pò rẹ̀. Mo tú okùn pupa kúrò lára ọ̀pá náà. Mo sọ fún Tìrìmísíyù pé òun ni awakọ̀, kí ó lò ó tàbí kí ó má lò ó, n kò ní dá sí i.

Nígbà tí ọ̀nà gbòòrò, ó tẹ bọ́tìnnì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárìn. Òsì kò ní láti gòkè púpọ̀ níbẹ̀, ó ṣe é ṣe. A dé ibi kòtò náà. Koríko ti hù bò ó. Mo ti bó ọsàn.

Bàbá Yẹ̀kínnì gbóòórùn rẹ̀. Ó yíjú wẹ̀yìn, ó ní, "Ìyá Olúdayọ̀! Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo na ọsàn náà síwájú, sí Tìrìmísíyù.

Kò yíjú. Mo rí ọrùn rẹ̀ tó le gan-in. Ó ní, "Mà, mo ń wakọ̀." Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbi tí ó wà.

Láti ìgbà tí mo ti ń tọ́ ọmọ, kò sí èyí tí mo na nǹkan sí tí ó kọ̀ ọ́ rí. Mo fa ọwọ́ mi padà. Bàbá Yẹ̀kínnì ń wò mí láti iwájú, ó ń retí ohun tí n ó sọ. Mo jẹ ọsàn náà fúnra mi. Ó kan díẹ̀.

Tìrìmísíyù ní òun máa kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n òun. N kò sọ ohun tí yóò kọ fún un, n kò sì ní kí ó fi hàn mí. Làbákẹ́, ohun tí o bá kà níbẹ̀, gbà á gbọ́ ju tèmi lọ. Bí ó bá kọ ọ́ pé ẹ̀rù mi ṣì ń ba òun, jókòó sílé rẹ. N kò ní bínú, n kò sì ní bẹ̀ ọ́. Bí ó bá kọ nǹkan mìíràn, ẹ sọ ọjọ́ tí bàálù yóò balẹ̀. Òun ni yóò wa ọkọ̀ wá pàdé yín. Èmi yóò jókòó sẹ́yìn.

Ẹ sọ fún Mobọ́lá pé ọsàn wà nílé. Ọwọ́ tó bá wù ú ni kí ó fi gbà á.

Ìyá yín,
Àràmídé.